Kí ọmú tó wá: abiyamọ, ìkókó àti agolo wàrà nílẹ̀ Ẹ̀gbá

Bí obìnrin bá bímọ ní Abẹ́òkúta, ìkíni tó kọ́kọ́ máa ń bọ́ sí i létí ni “Ẹ kú ewu ọmọ.” Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la sì ti fi kí èèyàn rí. Ewu ti kọjá, ìyá ti sọ̀ láyọ̀, ó kù kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Àmọ́ láàárín ọjọ́ ìbí sí ọjọ́ kẹjọ yẹn, ewu mìíràn wà tí kò sẹ́ni tó ń kíni kú rẹ̀. Ọmọ á máa ké. Ọmú á le bí òkúta, tàbí kó rọ̀ jọ̀jọ̀ bíi pé kò sí nǹkankan nínú rẹ̀. Orí ọmú á bó, ìyá á máa sunkún bí ọmọ ṣe ń sunkún, ìyá ọkọ á sì dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, á ní, “Ìyàwó, ṣé omi tiẹ̀ wà nínú ọmú yìí ṣá?”

Ìtàn ọjọ́ mẹ́jọ yẹn la fẹ́ sọ, láti ayé àwọn ìyá ńlá wa títí dé ayé WhatsApp. A kì í ṣe dókítà, a kì í sì í ṣe agbẹ̀bí. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni pé ìjà tí à ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa. Apá kan á ní ayé àtijọ́ ló dáa, gbogbo obìnrin ló lọ́mú, kò sẹ́ni tó mọ agolo. Apá kejì á ní àwọn ìyá àgbà ò mọ nǹkankan, omi àti àgbo ni wọ́n fi ń dá ọmọ lóró. Bí ẹ bá wo ìtàn ìlú wa dáadáa, ẹ ó rí i pé òtítọ́ díẹ̀ wà lọ́wọ́ apá méjèèjì, èyí tó ṣe pàtàkì jù ni wọ́n jọ gbàgbé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara, torí bí a ò bá mọ̀ ọ́n, ìyókù ìtàn yìí ò ní yé wa. Ọmú kì í kún lọ́jọ́ tí wọ́n bímọ. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń jáde kéré, ó ki, ó sì ní àwọ̀ ìyeyè. Òun gan-an ni oúnjẹ ìkókó, òun náà ló dà bí àjẹsára rẹ̀ àkọ́kọ́. Ikùn ọmọ ọjọ́ kan kéré débi pé ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan lè tó o lẹ́ẹ̀kan. Omi ọmú funfun tó pọ̀ máa ń tó ọjọ́ kejì sí ọjọ́ karùn-ún kó tó dé. Ìyá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ púpọ̀ lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àkókò yìí ọmọ á fọn díẹ̀. Ọmọ tó wọn kílò 3 lọ́jọ́ ìbí lè dín ní gíráàmù 200 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà, kò sì túmọ̀ sí pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ọmú tún ní ìwà kan tí agolo ò ní. Bí wọ́n bá ṣe ń fà á tó ló ṣe ń pọ̀ tó. Ọmọ tó ń mu ọmú nígbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24 ń ránṣẹ́ sí ara ìyá rẹ̀ pé òun wà níbí. Bí wọ́n bá wá fún un lómi, ikùn rẹ̀ á kún, kò ní fa ọmú, ara ìyá á gbà pé ọmọ ò fẹ́ púpọ̀, ọmú á sì dín kù lóòótọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ń bẹ̀rù pé ọmú ò ní tó ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di èyí tí kò tó.

Àwọn ìyá ńlá wa ò mọ ohun tó ń jẹ́ hòmóònù, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé abiyamọ tuntun kì í dá wà. Bí ọmọ bá ti délẹ̀, ìyá ìyàwó tàbí ìyá ọkọ á di ẹrù, á wá gbé inú ilé náà fún oṣù kan, méjì, mẹ́ta. (Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí ń pè é ní ọmúgwọ́. Ọ̀rọ̀ Ígbò ni o. Àwọn Yorùbá ti ń ṣe é kí èyíkéyìí nínú wa tó gbọ́ orúkọ yẹn.) Ìyá àgbà ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń fi aṣọ tó rì bọ omi gbígbóná te ikùn ìyá ọmọ, á sì fi te ọmú rẹ̀ tó bá le. Òun ló ń po ẹ̀kọ mímu gbígbóná ní ìdájí, torí gbogbo ayé ló gbà pé ẹ̀kọ mímu ń mú ọmú wá. Àwọn kan a máa fi ẹmu kún un. Bóyá ẹ̀kọ ló ń ṣe é ni o, bóyá oorun tí ìyá ọmọ rí sùn nígbà tí ẹlòmíràn ń da iná ni, àwa gbà pé oorun náà ní ipa tirẹ̀.

Ilé náà sì kún. Nínú agboolé kan ní Ìtòkò tàbí Ìjẹ̀mọ̀ tàbí Gbágùrá, kò sí ìgbà tí ẹ ò ní rí obìnrin mìíràn tó ń tọ́mọ. Ọmọbìnrin á ti máa wò ó láti kékeré, á ti mọ bí ọmọ ṣe ń ya ẹnu tó sì ń gbá dúdú ọmú mú wọlé, kì í ṣe orí ọmú nìkan. Ẹnikẹ́ni ò fi ìwé kọ́ ọ. Bó bá wá kàn án, tí ọmọ tirẹ̀ ń gé orí ọmú jẹ, ẹnìkan á wà nítòsí tí yóò mú orí ọmọ, yí i díẹ̀, tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, á ní, “Ó yá, fi sẹ́nu ẹ̀ báyìí.” Ìtọ́jú tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ àwọn ìyá lónìí kò jìnnà sí ìyẹn.

Bí ọmú bá wá kọ̀ pátápátá ńkọ́, tàbí tí ìyá kú sórí ìkúnlẹ̀? Obìnrin mìíràn nínú ilé, orogun tàbí àbúrò ọkọ, lè gba ọmọ náà sáyà. Nígbà mìíràn ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e lé ọmú tó ti gbẹ láti ọdún gbọọrọ, á máa jẹ́ kó fà á títí omi á fi jáde. Ẹ má sọ pé àlọ́ ni. Lọ́dún 1997, àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé àtìgbàdégbà ìṣègùn kan nípa àwọn obìnrin tí kò tíì pẹ́ bímọ rárá, tí wọ́n gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́, tí ọmọ náà fa ọmú wọn, tí omi sì jáde. Sáyẹ́ǹsì dé bá ohun tí àwọn ìyá àgbà ti ń ṣe nílé ni.

Ohun kejì tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi òfin yí ọmú ká. Abiyamọ kì í bá ọkọ sùn fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, títí tí yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ìdí tí wọ́n máa ń sọ ni pé àtọ̀ á ba omi ọmú jẹ́, ọmọ á sì ṣàìsàn. John Caldwell àti ìyàwó rẹ̀ Pat, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa iye ènìyàn, ṣe ìwádìí lórí àṣà yìí láàárín àwa Yorùbá, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1977. Àtọ̀ kì í dé inú ọmú, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin náà ń dáàbò bò. Ní 1935, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Cicely Williams, tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń mú kí ọmọ wú lẹ́sẹ̀, kí irun rẹ̀ sì pọ́n. Orúkọ tí àwọn ará Gàá ń pè é ló fi pè é: kwashiorkor. Ó ní àìsàn ọmọ tí wọ́n ti kúrò lẹ́nu ọmú torí pé àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ ni. Àwọn ìyá ńlá wa ò mọ Gàá, wọn ò sì mọ púrótéènì, àmọ́ wọ́n ti rí ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ṣe òfin lé e lórí.

Àní òrìṣà tí àwọn Ẹ̀gbá gbé dé Abẹ́òkúta gan-an, ìyá olómú ni. Pierre Verger, ará Faransé tó pẹ́ láàárín wa, kọ ọ́ pé Yemọja jẹ́ òrìṣà àwọn Ẹ̀gbá, àti pé nígbà tí ogun lé wọn kúrò nílẹ̀ wọn àtijọ́, tí wọ́n tẹ ìlú yìí dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, wọ́n gbé ohun ìbọ rẹ̀ dání, Odò Ògùn sì di ilé rẹ̀ tuntun. Nínú ìtàn kan, ọmú rẹ̀ tó tóbi ni ọkọ rẹ̀ Òkèrè, ọba Ṣakí, fi ṣẹ̀sín, òun sì bínú kúrò nílé, ó di odò. Ẹni tó bá ti rí abiyamọ tí wọ́n fi ọmú rẹ̀ ṣẹ̀sín lójú àlejò mọ̀ pé ìtàn yẹn ò tíì gbó.

Ó dáa. Ibi tí ayé àtijọ́ ti dáa la ti sọ yẹn. Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó kù.

Omi ọmú àkọ́kọ́ yẹn, èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè, dídà nù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dà á nù. Ọ̀mọ̀wé Davies-Adetugbo lọ bá àwọn ìyá ní àwọn abúlé ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sọ̀rọ̀, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1997. Wọ́n sọ fún un pé ó dọ̀tí, pé ó dà bí ọyún. Wọ́n ní ọmọ tí wọn ò fún lómi, òùngbẹ á gbẹ ẹ́. Àgbo sì jẹ́ oúnjẹ àti oògùn lójú wọn. Bí wọ́n bá fún ọmú sínú ife, wọn ò fọkàn tán an, torí ẹnìkan lè fi nǹkan sí i. Ọ̀ṣun ni ìwádìí yìí ti wáyé, àmọ́ ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà yín ní Ọbáńtókó tàbí Ọ̀dẹ̀dá, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tí wọ́n bá wá fẹ́ rọ ọmọ, á dùbúlẹ̀ sórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe bí ìkòkò sí i lẹ́nu, wọ́n á da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i, ọmọ á máa gbé e mì bó ti ń sunkún. Nǹkan náà lè bá ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Omi odò tàbí omi kànga ni wọ́n sì fi ń pò ó.

Bí ọmọ bá kú, abíkú ni. Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrósinmi: ẹ ka orúkọ wa, ẹ ó rí àwọn ìkókó tí kò dúró. A ò ní kí gbogbo wọn kú nítorí omi. Ibà, ikọ́ àti ipá wà níbẹ̀ náà. Àmọ́ omi náà wà níbẹ̀.

Ní 1895, Fádà Jean-Marie Coquard dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Lantoro, èyí tí à ń pè ní Sacred Heart. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé òun ló pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Coquard wà níbẹ̀ títí di ọdún 1933 tó kú. Láti ìgbà yẹn ni ìbímọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lọ́wọ́ ìyá àgbà díẹ̀díẹ̀, tó ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn aláṣọ funfun. Ó gba ẹ̀mí là, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwòsàn ṣe ń gbilẹ̀ káàkiri ayé ní ọ̀rúndún ogún, àṣà tirẹ̀ náà ń bá a rìn. Wọ́n á gbé ọmọ lọ sí yàrá ọ̀tọ̀, wọ́n á máa fún un lọ́mú ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin bíi pé ó ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á sì máa fún un ní omi gúlúkóòsì kí ọmú tó wá. Ẹ wò ó dáadáa. Omi ìyá àgbà náà ni, wọ́n kàn fi ṣúgà sí i, wọ́n wọ aṣọ funfun lé e lórí.

Agolo wàrà sì ti dé ọjà. Ẹni tó lówó, tó lọ sílé ìwé, tó ń gbé ilé olókè, agolo ni yóò gbé sórí tábìlì kí àlejò rí i. Ní 1939, Cicely Williams kan náà, tó ti wà ní Singapore báyìí, dúró níwájú ẹgbẹ́ Rotary, ó sì pe àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní “Milk and Murder”. Wàrà àti ìpànìyàn. Wàrà dídùn inú agolo tí wọ́n ń polówó fún àwọn ìyá ló ń bá wí. Àwọn tí wọ́n ń ta wàrà gan-an wà nínú àwọn tó jókòó níbẹ̀! Wàrà agolo fúnra rẹ̀ kọ́ ni májèlé. Owó ọjọ́ méjì ló wà nínú agolo tó yẹ kí ọmọ mu tán lọ́jọ́ mélòó kan, nítorí náà wọ́n á bu díẹ̀ sínú omi púpọ̀. Omi náà ò mọ́, rọ́bà ìfàmu ò sì ṣeé fọ̀ dénú. Ìgbẹ́ gbuuru á dé, lẹ́yìn náà ọmọ á rù. Kí wọ́n tó mọ̀ pé agolo ò bá wọn ṣe é, ọmú ìyá ti gbẹ.

Níbí la ti fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀, torí pé inú ilé kan ní Abẹ́òkúta ni ìdáhùn ti jáde. Gbogbo yín mọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lòdì sí owó orí, títí tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949. Ọkọ rẹ̀, Israel Olúdọ̀tun, ló jẹ́ ọ̀gá Abeokuta Grammar School láti 1932 sí 1954. Inú ọgbà ilé ìwé yẹn ni wọ́n ti tọ́ àwọn ọmọ wọn. Ilé àwọn ọ̀mọ̀wé ni, síbẹ̀ ikú ìkókó ò sá fún un. Fẹlá sọ fún Carlos Moore, nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde ní 1982, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bí òun. Ó ní lẹ́ẹ̀kíní, ní 1935, ará Jámánì kan tó jẹ́ míṣọ́nnárì sọ òun ní Hildegart, òun ò fẹ́ orúkọ náà, òun sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó padà wá ní 1938. Bí Fẹlá ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀rín àti ìjà ló jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà nínú ìtàn yẹn tó tọ́ ìkókó fún ọ̀sẹ̀ méjì tó sì sin ín.

Ẹ̀gbọ́n Fẹlá, Olikoye, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1927, tí wọ́n sì tọ́ dàgbà ní Abẹ́òkúta, lọ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Dublin. Ìtọ́jú àwọn ọmọdé ló yàn, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó. Kì í ṣe òun lọmọ Abẹ́òkúta kan ṣoṣo tó jẹ́ mínísítà ìlera: Moses Májẹ̀kódùnmí, dókítà agbẹ̀bí, ti ṣe é lẹ́yìn òmìnira. Àmọ́ láti 1985 sí 1992 tí Olikoye fi wà níbẹ̀, ó yí ibi tí owó àti ọkàn ìjọba dojú kọ padà. Kò fẹ́ kí gbogbo agbára wà ní ilé ìwòsàn ńláńlá. Ó fẹ́ kó wà ní ìpele ìjọba ìbílẹ̀, lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tí ìyá ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn lọ bá: abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru, ọmú. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá yín tí wọ́n bímọ lákòókò náà, wọn ò ní gbàgbé omi oníyọ̀ àti ṣúgà yẹn.

Kò dá a dá. Láti 1956 ni David Morley, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, ti wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó ṣe ilé ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì ya káàdì tí wọ́n fi ń tọ ìwọ̀n ọmọ lẹ́sẹ̀ lóṣooṣù. Ìyá ọmọ ló ń mú káàdì náà dání lọ sílé, kì í ṣe dókítà. Káàdì tí wọ́n fún yín ní sẹ́ńtà nígbà tẹ́ ẹ gbọ́mọ lọ gba abẹ́rẹ́, arọ́mọdọ́mọ tirẹ̀ ni. Òun ló sọ ìbéèrè ìyá ọkọ yẹn di ohun tí èèyàn lè wọ̀n. Ṣé ọmú tó? Ẹ gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n.

Nílẹ̀ òkèèrè, ìjà agolo ti gbóná. Ní 1974, ẹgbẹ́ War on Want ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tí wọ́n pè ní “The Baby Killer”. Ní 1977, àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjà Nestlé. Ní oṣù Karùn-ún 1981, ìpàdé àjọ ìlera àgbáyé dìbò lórí òfin tí kò fàyè gba kí wọ́n máa polówó wàrà ìkókó fún gbogbo ènìyàn tàbí kí wọ́n máa pín agolo ọ̀fẹ́ fún àwọn ìyá. Orílẹ̀-èdè 118 gbà á. Amẹ́ríkà nìkan ló kọ̀ ọ́. Nàìjíríà gbé òfin tirẹ̀ jáde ní 1990, Òfin Kọkànlélógójì, nígbà tí Olikoye jẹ́ mínísítà. Nígbà tí UNICEF àti àjọ ìlera àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò ilé ìwòsàn ọ̀rẹ́ ìkókó ní 1991, Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 12 tó kọ́kọ́ mú un lò. Lábẹ́ ètò náà, ìyá àti ọmọ á jọ wà nínú yàrá kan, ọmọ á mu ọmú láàárín wákàtí àkọ́kọ́, kò sí gúlúkóòsì, kò sí omi, àfi bí dókítà bá rí ìdí rẹ̀. Ohun tí àwọn ìyá wá ń pè ní “exclusive” nìyẹn: oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ìwádìí ìjọba lórí ìlera nílé-délé sọ pé ní 2008, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní Nàìjíríà ló ń mu ọmú nìkan. Ní 2013 ó jẹ́ 17. Ní 2018 ó jẹ́ 29. Ní ọdún 2018 kan náà, ìdá 42 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ló rí ọmú láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ Nàìjíríà tí kò mu ọmú rárá. Ìyẹn ni pé àwọn ìyá wa ò kọ ọmú. Omi ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, ìbẹ̀rù pé ọmú ò tó ló sì ń ti omi náà lẹ́yìn.

Èrò tiwa ni pé ètò náà kọ́ àwọn ìyá ní “má ṣe” dáadáa, kò sì kọ́ wọn ní “báwo” tó bẹ́ẹ̀. Ní kílíníìkì aboyún, wọ́n á kọrin, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní ẹ má fún un lómi. Orin náà dùn. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́ta òru ọjọ́ kẹta, nínú yàrá kan ní Aṣẹ́rò tí agboolé ò sí mọ́, tí ìyá àgbà wà ní Ìbàdàn tàbí tó ti kú, tí ọkọ ń wo fóònù pé kí ló yẹ ká ṣe, orin ò lè yí orí ọmọ sí ọ̀nà tó tọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀ sí wa lórí ìkànnì pé àwọn “ò lọ́mú” ní ohun kan tó ṣeé tún ṣe. Ọmọ ò gba dúdú ọmú sẹ́nu, orí ọmú nìkan ló ń jẹ. Tàbí wọ́n ń dúró kó ké kí wọ́n tó gbé e, nígbà tó jẹ́ pé ẹkún ni ebi ń fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tàbí ọmú ti kún jù, ó le, ọmọ ò rí i gbá mú, tó sì jẹ́ pé bí wọ́n bá fún díẹ̀ dànù pẹ̀lú ọwọ́ tàbí tí wọ́n fi aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́, á rọ̀. Orí ọmú tó bó, ẹ fi omi ọmú gan-an pa á, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Àmọ́ àwọn obìnrin kan wà tí ọmú wọn ò tó lóòótọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ gan-an, ẹni tí ibi-ọmọ ṣẹ́kù sínú rẹ̀, ẹni tí hòmóònù rẹ̀ ò déédéé, ẹni tí ọmọ rẹ̀ dé kó tó pé oṣù, tí kò tíì lágbára àtifà. Àwọn wọ̀nyí la fi ń bínú sí àwọn tó ń fi “exclusive” ná obìnrin lẹ́gba. Kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn ìyá tó lo wàrà ìkókó tí dókítà ní kó lò, tó fi omi tó hó pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo. Òfin 1990 ò sọ pé kò gbọ́dọ̀ sí agolo. Ẹni tó fẹ́ ta á fún ẹni tí kò nílò rẹ̀ ló ń bá jà. Bákan náà ni ìyá tó ní kòkòrò HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé: lónìí, àwọn dókítà wa ń gbà á nímọ̀ràn pé kó fún ọmọ lọ́mú.

Ohun tí èèyàn á máa wò ò pọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún, ọmọ tó ń tọ̀ nígbà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ń jẹun. Èyí tí kò tọ̀, tí ojú rẹ̀ àti ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí kò jí láti mu ọmú, ẹ má dúró de ọ̀la. Ìyá tí ibà gbé, tí apá kan ọmú rẹ̀ pupa tó sì ń ta á, kí òun náà dìde. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìjàyè, Federal Medical Centre wà ní Ìdí-Aba láti 1993, Lantoro sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ohun kan tó kù tí wọn kì í sọ ní kílíníìkì ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Lọ sí Ìtokú lọ́jọ́ ọjà, ẹ ó rí aládìrẹ tó gbọ́mọ sẹ́yìn, tó yí i síwájú nígbà tí oníbàárà ń na aṣọ wò, ọmọ ń mu, owó ń wọlé. Kò bèèrè àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì tàbí tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé aládàáni ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbí, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni yóò fi sílẹ̀, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì ní kó fi ọmú nìkan tọ́ ọ. Òfin kan náà, ní abala kẹrinléláàádọ́ta, sọ pé ìyá tó ń tọ́mọ ní ẹ̀tọ́ sí ìdajì wákàtí, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, láàárín àkókò iṣẹ́, kó fi fún ọmọ lọ́mú. Ó ti wà nínú ìwé láti àwọn ọdún 1970. Bí ẹ bá ní àǹtí tó ń tọ́mọ tó sì ń ṣiṣẹ́ oṣù, ẹ bi í bóyá ẹnìkan sọ fún un rí.